Èékánná Èkejì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Ìyá Aláriwo ti dé síbi iṣẹ́ kò ní láti yọjú wò. Imú rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ó mí sínú, fíì. Ó mí síta, fíì. Bó bá wá bú sẹ́rìn-ín, tí kò sì sí ọjọ́ tí kì í bú sẹ́rìn-ín, imú náà á han bíi kẹ́tù tí omi rẹ̀ ti hó. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ á gun orí itan rẹ̀, wọ́n á ní, "Màmá àgbà, ẹ fi imú súfèé fún wa," òun náà á sì súfèé fún wọn títí ìyá wọn á fi ní ó tó.

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ihò imú méjì, yàrá méjì lẹ ní," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Èmi ti wó ògiri àárín tèmi. Pálọ̀ ńlá ni mo ní. Àlejò ló kù."

Òótọ́ ni. Ògiri tó pín imú rẹ̀ sí méjì ti lu. Kì í ṣe ìjà ló fà á, wọn ò sì bí i mọ́ ọn. Omi yẹ́lò ló jẹ ẹ́.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wẹ irin bàálù ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ìdí rẹ̀ ṣì kéré. Alumíníọ̀mù ni irin ọ̀hún. Ó fúyẹ́, ìdí nìyẹn tó fi lè fò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀ níhòòhò, omi àti iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ á máa jẹ ẹ́, á sì máa hu funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi ìpara pa ara nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó kun ún ní ọ̀dà, wọ́n gbọ́dọ̀ rì í bọ inú táǹkì kẹ́míkà kan, kí ó lè ní awọ tí yóò dáàbò bò ó, kí ọ̀dà náà sì rí nǹkan dì mú. Omi yẹ́lò ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́, omi tí kírómíọ̀mù olóró wà nínú rẹ̀. Irin á wọlé ní funfun, á jáde ní yẹ́lò, á máa dán bí oyin. Bó bá ti yẹ́lò, ó ti gbà nìyẹn. Ibi tó bá ṣì funfun, ẹ dá a padà. Ọmọ ọwọ́ lè ṣe àyẹ̀wò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dáàbò bo irin kì í dáàbò bo ènìyàn. Èéfín omi náà ń jẹ imú, omi rẹ̀ ń jẹ ọwọ́, dókítà sì ti sọ fún wọn láìfepo bọyọ̀ pé ó lè di jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọkùnrin tó kọ́ Ìyá Aláriwo níṣẹ́ ti bá ikọ́ rẹ̀ lọ.

Obìnrin kan wà tí wọ́n jọ wà nídìí omi yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ onírin tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sínú táǹkì wúwo, ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ènìyàn méjì ló sì gbọ́dọ̀ gbé e, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bó bá ti tó àkókò, Ìyá Aláriwo á lọgun pé, "Èkejì mi dà?" Obìnrin yìí á sì dáhùn pé, "Mo ti dé, má fọ́ wa létí." Èkejì ni gbogbo ilé iṣẹ́ wá ń pè é, àfi bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí imú Ìyá Aláriwo kọ́kọ́ ṣẹ̀jẹ̀, Èkejì ló gbé orí rẹ̀ lé itan, tó fi aṣọ tútù lé iwájú orí rẹ̀, tó ń ṣépè fún táǹkì náà bí ẹni ń ṣépè fún olè. Nígbà tí wọ́n wá gbéra láti lọ sọ fún àwọn ọ̀gá pé àwọn ò fi imú ṣiṣẹ́ mọ́, Èkejì ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ wo imú ẹni yìí! Ẹ jẹ́ kó súfèé fún yín!" Ìyá Aláriwo súfèé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn ọ̀gá.

Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gba ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kẹ́míkà, òun ló mú omi tuntun wá, èyí tí kò ní oró ti àtijọ́. Ó kó irin tó ti wẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àpótí kan tó ń fọ́n ìkùukùu oníyọ̀ sí i lára tọ̀sán tòru. Nígbà tó ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sí ibì kan tó hu funfun. Ó pe gbogbo wọn wá wò ó. Àbùkù kan ṣoṣo ni omi náà ní: kò ní àwọ̀. Irin á wọlé ní funfun, á jáde ní funfun. Bí ẹ bá yí i sí iná dáadáa, ẹ lè rí nǹkan díẹ̀ tó ń ṣe bíi búlúù, bí ìfófòó ọṣẹ, lẹ́yìn náà ojú yín á tún ní irọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fa omi yẹ́lò dànù, tí wọ́n gbé táǹkì rẹ̀ jáde, àwọn obìnrin méjèèjì lọ sídìí ẹ̀rọ omi ìta. Yẹ́lò ti mu èékánná wọn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí ọṣẹ tó ràn án. Wọ́n wá ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń hù kúrò. Funfun yọ ní ìsàlẹ̀, ó ń gòkè, ó ń ti yẹ́lò síwájú, wọ́n ń fi ọ̀bẹ èékánná gé e díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé èyí tó kẹ́yìn, wọ́n na ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbi kan náà.

"Ọwọ́ ìyàwó tuntun," ni Èkejì wí.

"Ọwọ́ nìkan ni," ni Ìyá Aláriwo dáhùn. "Ìyókù ara ti lọ sílé ọkọ, ó sì ti bọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí onímọ́tò kan tó ń já ẹrù fi dúró wò wọ́n.

Nítorí omi tuntun yìí ni Ìyá Aláriwo ṣe ṣe ohun tó ti búra pé òun ò ní ṣe láéláé: ó mú àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin wá síbi iṣẹ́. Ọmọ náà ti ń wá iṣẹ́ tipẹ́. Imú bàbá rẹ̀ ló gbé wá sáyé, ó gùn, ó sì tọ́. Ìyá Aláriwo máa ń sọ pé nǹkan gidi kan ṣoṣo tí ọkọ òun fi sílẹ̀ kó tó kú nìyẹn, òun ò sì ní jẹ́ kí kẹ́míkà kankan jẹ ẹ́. Ìdí táǹkì ìṣanrin ni wọ́n fi Àbíkẹ́yìn sí: bí irin bá ti jáde nínú omi tuntun, òun á fi omi tó mọ́ ṣan án. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbé ìbòmú ńlá wọ̀, èyí tí wọ́n ń lò nígbà yẹ́lò, òógùn ń dà á bí òjò. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún un pé, "Bọ́ nǹkan yẹn kúrò kó o mí. Ìbòmú kékeré yìí ti tó fún omi wa." Ọ̀gá Kẹ́míkà náà gbà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni omi aláìláwọ̀ yìí tẹ́ lọ́rùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Èkejì gbé irin kan, irú èyí tó máa ń di ìyẹ́ bàálù mú, sókè sí iná.

"Ìwọ náà wò ó. Funfun ló wọlé, funfun ló jáde. Ta ló mọ̀ bóyá ó wẹ̀ tàbí ó kàn fẹsẹ̀ kan omi?"

"Ó wẹ̀. Àpótí iyọ̀ ti jẹ́rìí sí i."

"Àpótí iyọ̀ ò lójú. Èmi lójú."

"Ojú yìí náà lo fi mú ọkọ rẹ."

Èkejì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù, òun ló ń gbé tíì àti omi ọsàn kiri fún èrò.

"Ọmọ mi wà lókè lọ́hùn-ún," ló wí. "Irin tí à ń wẹ̀ níbí ló gbé e dúró. Bí ó bá jẹrà ńkọ́?"

"Ọmọ rẹ wà lókè, ọmọ mi wà nídìí táǹkì. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ méjèèjì."

Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo rẹ̀ tú síta ni Ìyá Aláriwo tó rántí pé Èkejì ò ṣe àmín.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Ọ̀gá Kẹ́míkà fi rìnrìn àjò lọ sí ilé iṣẹ́ wọn kejì, láti kọ́ àwọn yẹn ní ìlò omi tuntun. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó lọ tí apẹ̀rẹ̀ àárọ̀ fi jáde pẹ̀lú àwọ̀. Kì í ṣe yẹ́lò bí oyin ti àtijọ́, ó dà bíi tíì tí kò gbó. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ni. Gbogbo wọn pé lé e lórí.

"Omi tuntun ti bàlágà!" ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń kun irin ní ọ̀dà wí. "Ó ti ń hu irùngbọ̀n!"

Inú ọ̀gá tó ń bójú tó wọn dùn. Ó ní ó jọ pé ńṣe ni omi ọ̀hún ń gbó sí i. Inú Ìyá Aláriwo dùn ju ti gbogbo wọn lọ. Òun ló jà fún omi náà, òun ni wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé omi lásán ló ń wẹ irin bàálù. Ó bẹ́ sí ijó. Ó mi ìdí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì, títí okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀ fi já pẹ́ú.

"Ẹ bá mi gbé okùn tó nípọn wá!" ló ń ké. "Èyí tí wọ́n fi ń so bàálù mọ́lẹ̀!"

Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ bojú fún ìtìjú. Ìyá Aláriwo fa Èkejì wọ inú ijó. Èkejì jó, ṣùgbọ́n kò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà ìsinmi, àwọn méjèèjì jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, lórí àpótí onígi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ìyá Aláriwo da tíì, ó já páálí bísíkíìtì, ó ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀ nípa okùn tó já. Ó na bísíkíìtì sí Èkejì. Èkejì bọ́ ìbọ̀wọ́, ó na ọwọ́ gbà á.

Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ yẹ́lò.

Ìyá Aláriwo gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Imú rẹ̀ nìkan ló ń dún. Ó mọ yẹ́lò yẹn bí ènìyàn ṣe ń mọ àpá ara rẹ̀. Kì í ṣe ti àtijọ́, wọ́n ti jọ gé ti àtijọ́ sọnù níbí yìí. Tuntun ni.

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tó o ká sínú yẹn."

Èkejì gbé bísíkíìtì náà sórí itan. Ó wo ọ̀nà ilé iṣẹ́, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Kékeré ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo tọ́jú agolo kan nígbà tí wọ́n ń kó ti àtijọ́ dànù. Láti ọjọ́ mélòó kan ni mo ti ń bá wọn fi díẹ̀díẹ̀ sí i, títí tó fi ní àwọ̀. Kí n ṣáà lè rí i pé ó gbà."

"Inú táǹkì tuntun?"

"Inú rẹ̀ ni. Ìgbà tí mo bá wá tan iná sí i láàárọ̀, kí ẹ tó dé."

"Táǹkì tí Àbíkẹ́yìn ń ṣan irin rẹ̀?"

"Ó wọ ìbọ̀wọ́."

"Ìbòmú ńkọ́?" Ìyá Aláriwo dìde dúró. "Èmi ni mo ní kó bọ́ èyí tó dáa! Èmi tí mo bí i! Ojú rẹ ni mo ṣe sọ ọ́. O wà níbẹ̀, o ń nu ọwọ́, o gbọ́!"

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn."

"Ìgbà tó o wá bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹnu rẹ ti di ni?" Nǹkan mìíràn sọ sí i lọ́kàn, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ìwọ tó ò ń dà á, kí lo fi bo imú?"

Èkejì ń to èérún bísíkíìtì jọ lórí itan.

"Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀."

"Ìbòmú ńlá," ni Èkejì wí, àfi bí ẹni ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló gún un. Bó bá jẹ́ pé ó gbàgbé oró omi náà ni, à bá ní ìgbàgbé ni. Ṣùgbọ́n ó rántí. Ó rántí fún imú tirẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tí a ní kó kìn wá lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, ó fi ata sẹ́nu. Ìyá Aláriwo ti ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ tó ti dáyé. Kò mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ni wọ́n ń pa á dè.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí," ni Èkejì wí, omi ti lé sí i lójú. "Mi ò rí oorun sùn mọ́. Bí mo bá gbọ́ ìró bàálù lókè, màá dìde jókòó títí á fi kọjá lọ. Bí mo bá rí yẹ́lò lára irin, mo lè sùn."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ààbọ̀ ọmọ ni mo bí?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Aláriwo lò ń bá sọ̀rọ̀, o ní kó rọra?"

"Fi í sí àárín àwa méjèèjì. Mo bẹ̀ ọ́. Láti ọ̀la mi ò ní fi sí i mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á lé mi." Èkejì di okùn épírọ́ọ̀nù Ìyá Aláriwo tó já náà mú. "Ta ló gbé orí rẹ lé itan lọ́jọ́ tí imú rẹ ṣẹ̀jẹ̀?"

"Ìwọ ni. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí tó báyìí. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣe é ni, mi ò bá ti bú u tán, kí n sì mu tíì mi." Ó gba okùn rẹ̀ padà. "O jẹ́ kí n jó, Èkejì. Mò ń jó bí adìẹ tó ń jó níbi tí wọ́n ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Ìwọ náà ń bá mi jó."

Ó wọlé. Kò sáré, orúnkún rẹ̀ ò gbà á láyè mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó rí i yà fún un. Ó di Àbíkẹ́yìn lápá mú nídìí táǹkì, ó wọ́ ọ jáde síbi ẹ̀rọ omi, ó bọ́ ìbòmú tín-ín-rín náà sọnù, ó fọ ojú rẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Lẹ́yìn náà, ó tan iná fóònù, ó gbé orí ọmọ náà sókè, ó ń wo inú imú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"Mọ́mì! Ẹ̀ ń dójú tì mí!"

"Máa mí. Ṣé ó ń ta ọ́?"

"Ó ń ta mí díẹ̀. Láti ìjẹta. Mo rò pé òtútù ni."

Ìyá Aláriwo ké. Gbogbo ariwo tó ti pa látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. "Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde! Yẹ́lò wà nínú táǹkì yẹn! Ẹ má fọwọ́ kan irin kankan!"

Wọ́n jáde gìrọ́gìrọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó wọn sáré wá, ó ń mí hẹlẹ. "Yẹ́lò báwo? Ta ló gbé yẹ́lò wọbẹ̀?"

Èkejì ṣì jókòó lórí àpótí rẹ̀, bísíkíìtì náà lórí itan rẹ̀. Ó ń wo Ìyá Aláriwo, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Àbíkẹ́yìn wo ìyá rẹ̀, ó wo obìnrin tó ti ń pè ní Mọ́mì Kejì láti kékeré.

Ohùn tó kéré jù lọ tí ilé iṣẹ́ náà tíì gbọ́ lẹ́nu Ìyá Aláriwo ló fi dáhùn.

"Èkejì mi ni."

Ọ̀gá Kẹ́míkà padà dé, ó ní kí wọ́n fa táǹkì náà dànù pátá, kí wọ́n sì kó gbogbo irin tó jáde pẹ̀lú àwọ̀ wá. Ó ní adàlù tó wà lára wọn kì í ṣe ti àtijọ́, kì í sì í ṣe ti tuntun, òun ò sì lè fi orí òun dúró fún un. Wọ́n bó gbogbo irin náà dé ìhòòhò, wọ́n sì tún wọn wẹ̀ nínú omi mímọ́. Ìyẹn ni pé yẹ́lò tí Èkejì fẹ́ máa fi rí oorun sùn ò dáàbò bo ọmọ ẹnikẹ́ni. Dókítà wo imú Àbíkẹ́yìn, ó ní ara inú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò lu. Ó ní kí ó máa padà wá kí òun máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ìbòmú ńlá ló sì ń lò, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó bọ́ ọ.

Wọn ò lé Èkejì. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá aṣọ tó wà ní òdìkejì àgbàlá, níbi tí wọ́n ti ń fọ épírọ́ọ̀nù, tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Àwọn kan ní kí Ìyá Aláriwo lọ bá àwọn ọ̀gá bẹ̀bẹ̀ fún un, àwọn kan ní kó ní kí wọ́n lé e pátápátá. Kò ṣe èyí, kò ṣe tọ̀hún. Ó ṣì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní òun lòun fi ẹnu ara òun sọ ọ́ pé àlejò ló kù tí pálọ̀ òun ń retí, ẹ wá wo irú àlejò tó wọlé. Ṣùgbọ́n ó ń mu tíì rẹ̀ lórí ìdúró.

Ó burú jù nídìí apẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé orí ọ̀pá lé èjìká, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ ọ́ kó tó mọ̀: "Èkejì mi dà?" Ní òdìkejì àgbàlá, ẹnìkan yọ orí jáde láti ẹnu ọ̀nà yàrá aṣọ, àyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aláriwo yí ojú padà. "Kí ẹnìkan wá bá mi gbé nǹkan yìí," ló wí. "Ẹni yòówù kó jẹ́."

Nígbà tó yá, okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀ tún já. Kò sí ẹlòmíràn tó lè rán níṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó bá gbé e lọ fúnra rẹ̀. Èkejì ti gbọ́ ìró imú rẹ̀ kó tó wọlé, ó ti mú òmíràn sílẹ̀, ó ti ká a, ó sì ti rán okùn rẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

"Mo fi okùn tó nípọn sí i," ni Èkejì wí. Ó dúró de ẹ̀rín. Ẹ̀rín ò wá.

Ìyá Aláriwo na ọwọ́ gba aṣọ náà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí àtàǹpàkò Èkejì. Funfun ti yọ ní ìsàlẹ̀ èékánná, ó ti gòkè dé ìdajì. Yẹ́lò ṣì wà ní òkè.

"Kò tíì hù tán," ló wí.

"Kò tíì hù tán," ni Èkejì dáhùn. Ó sáré fi kún un, "Ṣé kí n gé e? Ọ̀bẹ wà níbí. Mo lè gé e báyìí."

"Bó o bá gé e níbi tó dé yìí, ẹran lo máa gé." Ìyá Aláriwo gbé épírọ́ọ̀nù sí apá. "Fi í sílẹ̀. Òun náà mọ ìgbà tó máa hù tán."

Ó kọjá sínú àgbàlá, imú rẹ̀ ń súfèé lọ. Èkejì ń gbọ́ ọ títí tó fi wọlé síbi táǹkì.